Ọ̀dàlẹ̀ inú tẹlifíṣàn ò bà mí lẹ́rù tó àwọn tó ń wá a kiri

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Aránṣọ ni mí ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété níbí. Mi ò kọ̀wé sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ibi tó ti gùn jù ẹ bá mi gé e, ẹ kàn má ṣe gé ìparí ẹ̀, ẹ máa mọ ìdí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Lẹ́tà tí bàbá kan kọ láti Ọ̀yọ́ Aláàfin, tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ló mú mi sọ̀rọ̀. Bàbá ní eré ìdíje àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń pè ní The Traitors yẹn, irọ́ pípa àti ìdàlẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa, káwọn òbí gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí wọ́n ka lẹ́tà yẹn fún mi. Bàbá, ẹ má bínú sí mi o, ẹ jù mí lọ, àmọ́ kò jọ pé ẹ wò ó dópin. Èmi wò ó tán, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mẹ́rin àti bàbá tó ń ṣe bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa àti ẹnikẹ́ni tó bá wá gba aṣọ tá ò tíì rán tán (inú á ti máa bí wọn bọ̀ látilé, tí wọ́n bá ti lè jókòó wò ó díẹ̀ báyìí wọ́n á gbàgbé aṣọ, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run).

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní LAUTECH ló gbé e wá sínú laptop ẹ̀, alẹ́ la máa ń wò ó nígbà tí ọjà bá ti tutù, tí iná bá lọ a ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn. Tàwọn Gẹ̀ẹ́sì la wò, èyí tí BBC gbé sáfẹ́fẹ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2025, tó parí lọ́jọ́ 6 oṣù kọkànlá. Gbajúmọ̀ 19 ni wọ́n kó lọ sínú ilé ńlá àtijọ́ kan, Ardross Castle, lókè lọ́hùn-ún ní Scotland. Claudia Winkleman ló ń darí ẹ̀, irun iwájú orí ẹ̀ ti bo ojú ẹ̀ débi pé ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù ò yéé béèrè pé báwo ló ṣe ń ríran. Á ní kí gbogbo wọn fi aṣọ dì'jú, á wá máa rìn yí wọn ká, ẹni tó bá fọwọ́ kàn léjìká, ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Ẹni mẹ́ta ló fọwọ́ kàn: Alan Carr tó jẹ́ aláwàdà, Jonathan Ross tó ń ṣe ètò orí tẹlifíṣàn, àti Cat Burns tó jẹ́ akọrin. Àwọn tó kù olóòótọ́ ni wọ́n, wọn ò kàn mọ ta ni kí ni. Tó bá dalẹ́ àwọn ọ̀dàlẹ̀ á wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ kan tó ní ìbòrí, wọ́n á pàdé, wọ́n á fẹnu kò lórí ẹni tí wọ́n fẹ́ "pa", ẹni yẹn ò ní bá wọn jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti gbalé lọ nìyẹn. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ gbogbo wọn á jókòó yí tábìlì ríbiti kan ká, wọ́n á máa fẹ̀sùn kan ara wọn, wọ́n á dìbò, ẹni tí ìbò bá pọ̀ lé lórí á dìde, á sọ ohun tó jẹ́, ó dilé. Owó tí wọ́n bá jọ ṣe iṣẹ́ kó jọ, tó bá ku ọ̀dàlẹ̀ kan ṣoṣo sẹ́yìn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, òun ló kó gbogbo ẹ̀. Àwọn gbajúmọ̀ yìí ò kó o sápò ara wọn o, ẹgbẹ́ aláàánú tí kálukú bá mú ló ń lọ fún.

Kì í kúkú ṣe ohun tuntun. Ilẹ̀ Holland ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ lórí tẹlifíṣàn lọ́dún 2021, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ní eré kan táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní Moscow láti nǹkan bí ọdún 1986 ló jọ, pé àwọn díẹ̀ mọ àṣírí, àwọn tó pọ̀ ò mọ nǹkan kan, ó wá ku ẹni tó máa kọ́kọ́ rí ara wọn gbá mú.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ ò rí èpè nínú ṣọ́ọ̀bù mi! Bàbá oníbàtà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́ inú ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé, kí Ọlọ́run tú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fó kílẹ̀ tó mọ́. Paloma Faith, olórin, ló kọ́kọ́ kú lọ́wọ́ Alan, ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ni lóòótọ́, kì í ṣe ọ̀rẹ́ inú eré, ojú gbogbo èèyàn sì ni wọ́n ní kó ti ṣe é, kó fọwọ́ kan òdòdó kan tí wọ́n ní májèlé wà lára ẹ̀, kó wá fọwọ́ yẹn kan ojú ẹni tó fẹ́ pa. Ọmọṣẹ́ mi àgbà pariwo "Jésù! Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kẹ̀!", ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, kò rán nǹkan kan mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá wo ọmọ yìí kan náà láàárín ọjọ́ díẹ̀ síi. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní kí Alan sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé olóòótọ́ lòun, ẹ̀rín wá ń pa á, kò lè sọ ọ́ já, ó sọ ọ́ ó tún bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń ṣépè fún un lánàá ló di ọwọ́ mọ́ra tó ń sọ fún laptop pé "Dákẹ́, dákẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ mẹ́nu yín mọ́ra." Èmi gan-an mo fi tépù ìwọnṣọ bojú. Bàbá oníbàtà tó ní kí Ọlọ́run tú wọn fó, òun ló ní "á bọ́ níbẹ̀, á bọ́ níbẹ̀."

Kí ló ṣe wá? Mo rò ó títí tí mo fi gé apá aṣọ oníbàárà kan kúrú (mo ti rọ́pò ẹ̀, kò mọ̀, àfi tó bá ka èyí). Ohun tí mo rí ni pé àwa àti Alan la jọ mọ̀ ọ́n. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti jọ mọ àṣírí, ẹ ti dẹgbẹ́ nìyẹn, bó o fẹ́ bó o kọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tẹ́ ẹ máa ń gbé léèsì tuntun pamọ́ sọ́dọ̀ mi kí bàbá má baà rí i, tí bàbá bá wá bi mí pé èló laṣọ yìí, ṣé mo sọ fún un rí? Mo ní àlòkù ni. Ṣé ọ̀tá bàbá ni mí ni? Bàbá kí mi dáadáa, mo fẹ́ràn bàbá, èmi àti ìyàwó ẹ̀ la kàn jọ mọ̀ ọ́n.

Torí náà tí bàbá Ọ̀yọ́ bá ní àwọn ọmọ á fẹ́ràn ọ̀dàlẹ̀, òótọ́ ni, wọ́n á fẹ́ràn ẹ̀, àwa àgbà náà fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ pé á sọ wọ́n di ọ̀dàlẹ̀, ibẹ̀ ni mi ò bá yín dé. Ẹni tó ń ta ayò, ṣé ọ̀ta máa ń sọ fún ọ̀pẹ ibi tóun ń lọ ni? Ta ló pè é ní ọ̀dàlẹ̀? Gbogbo àwọn 19 yẹn ló mọ̀ kí wọ́n tó wọ ilé pé wọ́n máa parọ́ fáwọn. BBNaija tá a ti ń wò láti 2006 ńkọ́, tí wọ́n tún wá sọ jí lọ́dún 2017? Níbẹ̀, àwa tá à ń wò la ń dìbò, ẹni tó bá fẹ́ parọ́ níbẹ̀ àwa gan-an ló ń pa á fún, á máa fẹ́ ẹni tí kò fẹ́, á máa sunkún tí ò tinú wá, àwa náà á máa ná dátà lé e lórí, tó bá jáde tán ni wọ́n á tó sọ fún wa pé "game" ni. Nínú The Traitors, kò sẹ́ni tó parọ́ fún èmi tí mò ń wò, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fi hàn mí láti ọjọ́ kìíní. Ẹ bá mi mú èyí tó sàn fún ọmọ.

Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣàwọn mẹ́ta yẹn. Tábìlì yẹn ni.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò lé jáde ni Niko Omilana, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fídíò lórí YouTube. Omílànà! Orúkọ yẹn nìkan ti tó, gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbiná, ẹnì kan ní torí àwọ̀ ẹ̀ ni, èmi ò lè bá a jiyàn torí mi ò gbé ìlú wọn rí, àmọ́ aláwọ̀ dúdú ni Cat Burns náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn. Èyí tó dùn mí ni pé kò sí nǹkan kan tí wọ́n rí lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Olóòótọ́ ni. Wọ́n lé e tán wọ́n di orí mú, wọ́n pariwo, ó tán, ilẹ̀ mọ́ wọ́n jẹ búrẹ́dì, wọ́n nàka sí ẹlòmíì. Olóòótọ́ nìyẹn náà. Wọ́n lé Stephen Fry, òṣèré àti òǹkọ̀wé tí gbogbo wọn gbà pé orí ẹ̀ pé. Olóòótọ́. Wọ́n lé olóòótọ́ lọ bẹẹrẹ kí wọ́n tó rí Jonathan Ross mú, òun ni ọ̀dàlẹ̀ àkọ́kọ́ tọ́wọ́ tẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò lórí tábìlì yẹn o: ẹni tó bá dákẹ́, wọ́n á ní kí ló ń dákẹ́ sí, ẹni tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tó bá gbèjà ara ẹ̀, ó ń gbèjà ara ẹ̀ jù, ẹni tí ò gbèjà ara ẹ̀, ẹ ò rí i bó ṣe jókòó.

Ọmọ wa kan wà níbẹ̀ tó dé ìparí, David Olusoga. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni nínú ìmọ̀ ìtàn, Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1970, ìlú òyìnbó ló sì dàgbà sí. Iṣẹ́ ẹ̀ láyé ni kó máa wo ìwé àtijọ́ kó máa sọ ẹni tó ń purọ́ nínú ẹ̀. A fi gbogbo ẹnu sọ pé ọmọ Olúṣọ́gá ló máa tú wọn fó. Ẹ gbà mí o! Ibi tí ọ̀dàlẹ̀ wà, ọ̀jọ̀gbọ́n ò wo ibẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń tẹjú mọ́. Bàbá oníbàtà ní ìwé ló ti pọ̀ jù lágbárí ẹ̀. Èmi ò fi í ṣẹlẹ́yà o. Tí wọ́n bá fi mí sórí tábìlì yẹn, ohun tóun ṣe lèmi náà á ṣe, mo mọ̀, torí mo ti ṣe é rí, màá sọ ọ́ tó bá yá.

Alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn márùn-ún ló kù, wọ́n rí Cat Burns mú, wọ́n lé e. Joe Marler, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù rugby tẹ́lẹ̀, ti ń fura sí Alan, òótọ́ ló sì rí. Òun àti Nick Mohammed, òṣèré aláwàdà kan, ti mulẹ̀ pọ̀. Nick yìí kan náà ló padà yíjú, tó dìbò lé Joe jáde, ẹni kan ṣoṣo tó rí òótọ́! Ó wá ku Nick, Olusoga àti Alan, wọ́n ní ó tó, ká parí ẹ̀ síbí, olóòótọ́ ni gbogbo wa. Alan bá bú sẹ́kún. Ó ní kí wọ́n má bínú, ọ̀dàlẹ̀ lòun. Ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n là, kò pa á dé. Àwọn tó wò ó lọ́jọ́ yẹn nílùú òyìnbó lé ní mílíọ̀nù 11, £87,500 sì lowó tí Alan gbà, ó lọ fún ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìtọ́jú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tó ń mú àwọn ọmọdé. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé pín sí méjì. Àwọn kan ń bá a sunkún, àwọn kan ń pòṣé pé ẹkún àgálámàṣà. Ọmọṣẹ́ mi àgbà ní tó bá jẹ́ pé ọmọ tó ń ṣàìsàn lowó yẹn lọ fún, irọ́ yẹn ti di àdúrà. Wọ́n fi ìyẹn ja títí a fi tilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló túmọ̀ orúkọ eré yìí fún wa sí "ọ̀dàlẹ̀", mo sì rí i pé ara bàbá oníbàtà bù máṣọ. Àwa tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́ ò kí ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Bàbá mi tó ti kú ò jẹ́ ká pè é nínú ilé. Ọdún 1962 tí Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ọmọ ìlú wa pínyà, òun lorúkọ táwọn apá kan ń pe apá kejì, àwọn apá kejì náà sì ní tiwọn tí wọ́n ń pe àwọn yẹn. Mi ò wá dá ẹjọ́ wọn o, àwọn tó jù mí lọ ò tíì dá a tán. Àmọ́ ẹ̀yin àgbà rántí wẹ́tìẹ̀, lẹ́yìn ìbò 1965, bí wọ́n ṣe ń da bẹntiróòlù sí èèyàn lára, sí ilé, sí mọ́tò, títí àwọn ṣọ́jà fi wá pa Akíntọ́lá fúnra ẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní 1966. Bàbá mi máa ń sọ pé nígbà yẹn kò pọn dandan kó o dalẹ̀, ẹnì kan á kàn na ìka sí ẹ láàárín ọjà ni. Ẹni tó nàka ò kí ń dúró wo ibi tó máa já sí.

Èmi náà ti nàka rí.

Ọdún 2016 ni. Àwa aránṣọ 14 la jọ ń dá àjọ, ₦5,000 lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn á kó ₦70,000, owó yẹn ra máṣíìnì gidi nígbà náà. Oṣù yẹn, èmi ló kàn. Wọ́n ti ka owó, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì níbi tá a ti ń ṣèpàdé, a jáde sẹ́nu ọ̀nà lọ kí ìyá ọ̀kan nínú wa tó kọjá, a wọlé padà, owó ò sí.

A jókòó yíra wa ká. Ẹ gbọ́, tábìlì nìkan ni ò sí níbẹ̀ o, gbogbo nǹkan tó kù ló pé. A bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa. Obìnrin kan wà nínú wa tí kò kí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó bá dé ìpàdé ìwé ìròyìn yín yìí ló máa ń kà, nígbà míì á ka ibi tó dùn sókè fún wa. Ẹnì kan rántí pé òun ló wọlé gbẹ̀yìn. Ẹnì kan ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ẹnì kan ní ẹ wò ó, gbogbo wa ń sunkún, òun ò sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnì kan wà tó ń sunkún ju èmi tí mo ni owó lọ, tó ń gbára yílẹ̀, tó ní ká lọ búra, a di òun mú, à ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Nígbà tí wọ́n ní ta ló fura sí ta, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè. Mo dárúkọ obìnrin yẹn. Lẹ́yìn tí mo dárúkọ ẹ̀ tán, ó wá rọrùn fáwọn tó kù, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀sán gangan ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, àwọn alájàpá tó ń kọjá dúró ń wòran. Ó ní "Mi ò mú un." Gbólóhùn kan yẹn ló sọ. A ní ọkàn ẹ̀ le. A yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́, kí oṣù yẹn tó parí wọ́n ti ń pè é ní olè títí dé Ọjà Jagùn, ọmọ ẹ̀ gan-an gbọ́ ọ nílé ìwé.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ló tú. Ẹlẹ́kún yẹn ló mú un, owó ilé ló fi san. Òun àti ọmọ ẹ̀ ló ń jà tí ọmọ fi sọ ọ́ síta. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹ̀, ó ti dá owó padà, ó sì ti kúrò nílùú.

Àwa mẹ́ta la lọ bẹ obìnrin tá a lé yẹn, a gbé páálí máòtì kan dání. Alẹ́ la lọ. Ó fún wa lómi, ó béèrè àwọn ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ èyí tí mo bí lẹ́yìn ìjà yẹn tí mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ nípa ẹ̀. A kúnlẹ̀. Ó ní "Mo ti gbọ́, ẹ dìde, ilẹ̀ ti ṣú." Kò ṣépè, kò sì padà sínú ẹgbẹ́, àwa náà ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níta. Àwa mẹ́ta tá a lọ àtàwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ la kàn mọ̀. Àwọn tó gbọ́ olè lọ́jà, kò sẹ́ni tó padà lọ bá wọn.

Bí mo ṣe ń wo eré àwọn òyìnbó yìí, tí ọmọ Omílànà dìde tó ní olóòótọ́ lòun, táwọn ọmọṣẹ́ mi ń pariwo "A mọ̀ ọ́n!", mo dìde jáde bíi pé mo fẹ́ wo jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Bàbá Ọ̀yọ́, mi ò bá yín jà, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn tó bá wù yín. Èmi ní tèmi, mo ní káwọn ọmọṣẹ́ mi tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má wo Alan mọ́, kí wọ́n máa wo ẹni tó bá kọ́kọ́ nàka. Wọ́n ní ìyẹn ò dùn. Wọ́n ń wò ó ṣá.

Olóòtú, ibi tí mo ní kẹ́ ẹ má gé rèé. Obìnrin yẹn ṣì ń ránṣọ, apá ọ̀nà Ìlọrin ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà báyìí, fẹ́ńdọ̀ tó ń tàwé ìròyìn ní Tákíé sọ fún mi pé kò tíì pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ rí tí kò ra ìwé yín. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó máa mọra ẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn náà á mọ̀ ọ́n. Kò mú owó kankan. Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè, owó mi ni, mo sì dárúkọ ẹni tí kò mú un. Ẹ bá mi fi síbi tó hàn, ẹ má fi sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, ibẹ̀ ló máa ń ṣí kọjá.

Ìyá Ṣọlá, aránṣọ,
Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́.